Ẹ̀yìn-Mọ-Ọlọ́run

Bí ènìyàn bá ní ojú ọgbẹ́, aráyé á bá a kẹ́dùn. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wú, wọ́n á ní kó jókòó. Ẹ̀yìn tèmi kò wú, kò ṣẹ̀jẹ̀, kò ní àpá kankan. Bí mo bá bọ́ ẹ̀wù kí wọ́n wò ó, ẹ̀yìn géńdé ọkùnrin ni wọ́n máa ń rí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé ojú sókè wo èmi alára, n ò sì ní mọ ibi tí n ó gbé ojú tèmi sí. Mo ti jẹ ìrora yẹn láti kékeré, ó ti mọ́ mi lára. Ìtìjú rẹ̀ ni kò mọ́ mi lára títí di òní.

Iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ lántànà ni iṣẹ́ agbo ilé wa ní Ìlọrin. Òkúta pupa ni, àwọn oníṣòwò ló ń gbé e wá fún wa láti apá òkè. A ó fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, a ó lu ihò sí i, a ó wá máa fi omi gbo ó lórí òkúta pẹrẹsẹ títí yóò fi máa dán. Iṣẹ́ ìjókòó ni, iṣẹ́ ìtẹríba ni, kò sì sí ọkùnrin kan nínú ilé wa tí kì í di ìbàdí mú bó bá fẹ́ dìde. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi ka ẹ̀yìn tèmi sí. Bí mo bá ké, wọ́n á ní, "Ẹ̀yìn ń dùn ọ́ kẹ̀? Ta ni ti ẹ̀ kò dùn nínú ilé yìí?" Èmi sì mọ̀ pé tèmi yàtọ̀ sí tiwọn. Mo lè jókòó ti òkúta láti àárọ̀ di àìlà, ìrun ọ̀sán, kí n dìde fùú bí ẹni pé oorun ni mo sùn. Ṣùgbọ́n bí ìròyìn burúkú bá wọ agbo ilé, kí ẹni tó gbé e wá tó sọ ọ́ tán, ẹ̀yìn mi á ti le gan-an bí ẹni tí wọ́n fi okùn fà.

Ìgbà àkọ́kọ́ tó ṣe mí, ọmọdé ni mí. Ọdún tí àwọn òyìnbó gbé àgbá wá bá ìlú wa ni. Bàbá wa wà pẹ̀lú àwọn ọkùnrin tó kù lápá ibi tí ìjà wà, ìyá wa sì kó ẹrù lórí, ó ní kí n pọ̀n àbúrò mi ká máa sá lọ sí oko. Àbúrò mi ti ń sọ̀rọ̀ nígbà náà, ó lè rìn dáadáa, àmọ́ kò lè sáré bá wa. Ìyá fi ọ̀já gbà á mọ́ mi lẹ́yìn, a sì gba ojú ọ̀nà. Gbogbo ìgbà tí àgbá bá dún, bí ẹni pé ìbàdí mi ló ń dún sí. Mi ò sunkún. Mo ń sáré, mo ń ka ìwọ̀nba kéú tó wà lẹ́nu mi, mo sì ń ṣì í kà.

Nígbà tí a dé abà, ìyá tú ọ̀já, ó sọ àbúrò mi kalẹ̀. Mo ní kí n nàró, n ò lè nàró. Mo tẹ̀ síwájú báyìí, ọwọ́ mi lórí orúnkún, ẹ̀yìn mi tẹ́jú bí àkéte. Àbúrò mi wò mí, inú rẹ̀ dùn. Ó rò pé mo tún bẹ̀rẹ̀ láti pọ̀n òun ni, ó sì tún gun ẹ̀yìn mi. Bí ìyá mi ṣe ń jà láti já a kúrò ní ara mi ni èmi ń ké, tí òun náà ń ké.

Ìtàn yẹn ló wá di àwàdà ilé wa. Bí wọ́n bá ń jẹun, tí ẹ̀yìn bá tún mú mi, ìyá á na ìka sí àbúrò mi, á ní, "Ìwọ lo ṣẹ́ ẹ̀gbọ́n ẹ lẹ́yìn. O wúwo jù." Gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín. Bí àbúrò mi ti ń dàgbà, ẹ̀rín tirẹ̀ nínú ẹ̀rín náà ń dín kù. N óò rí i tó ń wo ẹ̀yìn mi bí ẹni tó fọ́ ìkòkò onílé. Kò wúwo rárá lọ́jọ́ náà o, ọmọ tínínrín ni. Èmi tí mo pọ̀n ọ́n mọ̀ pé kò wúwo. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tí èèyàn fi pọ̀n àbúrò rẹ̀ tó fi ṣẹ́, ohun ìyìn ni. Ẹ̀yìn tí ẹ̀rù fọ́ ńkọ́? Mo dákẹ́, mo jẹ́ kí wọ́n máa ṣe àwàdà wọn lọ.

Nǹkan kò rọgbọ nínú ìlú láti ìgbà náà. Lónìí, wọ́n á ní owó ẹyọ kò níí ra nǹkan mọ́, owó fàdákà la ó máa ná. Lọ́la, wọ́n á ní ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ní kí wọ́n ka ilé, kí wọ́n ka orí. Àwọn dógárì ọba pẹ̀lú ẹṣin wọn ń wọ àdúgbò nígbà tí a ò retí wọn. Bàbá wa kú láàárín gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yìn mi ń lọ, ó ń bọ̀, àfi bí àlejò tó mọ ilé. Gbogbo ayé ló sì di oníṣègùn mi. Ìyá ń yan iyanrìn gbígbóná sínú aṣọ, ó ń fi jó mi. Àna mi kan ní òrí ni kí n máa fi pa á, èkejì ní òrí gan-an ló ń fa òtútù sínú eegun. Ẹnì kan ní ilá tí mò ń jẹ ni. Mo fi ilá sílẹ̀, ẹ̀yìn kò fi mí sílẹ̀. Mo mu hàntú, omi ẹsẹ kéú tí wọ́n fọ̀ lójú wàláà, inú mi tutù díẹ̀, mo dúpẹ́, àmọ́ bí dógárì tún ti yọ lórígun ilé báyìí, ó tún le.

Ibì kan ṣoṣo ló wà tí kì í bá mi dé. Bí mo bá ti dúró ní ìlà nínú mọ́sálásí, tí lèmámù bá ti kábàárà, n óò máa gbọ́ ọ bó ti ń tú díẹ̀díẹ̀. Bí a bá tẹ̀ fún rúkúù, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Bí a bá wá fi orí kanlẹ̀, mi ò ní ẹ̀yìn mọ́ rárá, ara mi á fúyẹ́, n óò gbọ́ òórùn ẹní àti erùpẹ̀, ọkàn mi á sì dákẹ́. Bí mo bá ti sálámà tán, tí mo bọ́ síta, tí mo ń wá bàtà mi, òun náà á padà wá sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo pè é ní ẹ̀bùn tí Ọlọ́run fún èmi nìkan. Ta ló mọ̀ pé òun gan-an ni yóò dójú tì mí?

Nígbà tó yá ni wọ́n ní ojú irin ń bọ̀, pé rélùwéè yóò gba ilẹ̀ wa kọjá, pé òyìnbó ń fẹ́ ènìyàn tí yóò la ọ̀nà, tí yóò ru yangí. Ajẹ́lẹ̀ sọ fún ọba, ọba sọ fún àwọn ìjòyè, ọ̀rọ̀ sì sọ̀ kalẹ̀ títí ó fi dé ọ̀dọ̀ magàjí, olórí agbo ilé wa. Magàjí pè wá jọ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ó ní ìdílé kọ̀ọ̀kan yóò mú ọkùnrin kan wá. Kò sí ẹni tí kò tíì gbọ́ nípa iṣẹ́ náà. Àwọn ará ìlú mìíràn tó ti ibẹ̀ bọ̀ ń wúkọ́, àwọn kan kò sì padà dé. Ní ìdílé tiwa, èmi àti àbúrò mi nìkan la jẹ́ ọkùnrin. Àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìyàwó ni, làálì kò tíì ṣá lẹ́sẹ̀ ìyàwó náà. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, mo ti dìde.

Mo ní, "Èmi ni àgbà. Èmi ni n ó lọ."

Mo sọ ọ́ sókè ketekete, gbogbo agbo ilé gbọ́ ọ. Magàjí ṣàdúrà fún mi. Ìyàwó àbúrò mi kúnlẹ̀ lọ́hùn-ún, ó fi ìborùn nu ojú. Mo ń wò ó, mo sì ń gbọ́ ara mi bí ọkùnrin. Bẹ́ẹ̀ ni inú ìbàdí mi ti ń gbóná díẹ̀díẹ̀, mo ṣe bí ẹni tí kò mọ̀.

Òwúrọ̀ ọjọ́ tí a máa lọ, oòrùn ti yọ, dógárì ti dé, àwọn ti ìdílé tó kù ti tò síta. Ẹní mi ti wà ní kíká nílẹ̀, igbá ìmumi mi wà lórí rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ láti gbé e. Ibẹ̀ ni mo wà. Ọwọ́ mi kan ẹní, n ò lè gbé e, n ò sì lè dìde. Orúnkún mi kọ́kọ́ balẹ̀, ọwọ́ mi tẹ̀ lé e, mo wá wà lórí ọwọ́ àti orúnkún bí ọmọ tó ń rá, níwájú ìyá mi, níwájú ìyàwó mi, níwájú gbogbo ilé tó gbọ́ mi nígbà tí mo ń pariwo pé èmi ni àgbà.

Dógárì rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Tọ́ọ̀! Èyí ti dé ibi iṣẹ́ kí àwa tó dé."

Magàjí kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó tẹ̀ sí mi létí, ó bi mí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ọmọ mi, sọ fún mi, ṣé òótọ́ ni?"

Ìbéèrè yẹn ni mo ṣì ń dáhùn títí dòní. Mo wá inú ara mi lọ́jọ́ náà, mo tú u yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́ bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nínú ilé, bóyá n óò rí irọ́ níbẹ̀. Ìrora náà kì í ṣe irọ́, omi ń jáde lójú mi. Àmọ́ mo mọ̀ pé n kò fẹ́ lọ. Mo mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ tí mo ti sọ pé n ó lọ. Báwo ni èèyàn ṣe máa sọ méjèèjì fún magàjí lẹ́ẹ̀kan náà? Mo ní, "Wàláhì, ó ń dùn mí, bàbá." Ohùn mi sì dà bí ti òpùrọ́ létí èmi fúnra mi.

Àbúrò mi wá láti ẹ̀yìn. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó lóṣòó tì mí, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé ìbàdí mi, ibi tí ìyá máa ń gbé iyanrìn gbígbóná sí gan-an, ó fi í síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé ẹní mi, ó gbé igbá mi.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa sinmi."

Wọ́n lọ. Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà títí eruku wọn fi rọlẹ̀.

Ohun tó burú jù rèé. Kò tíì tó àìlà ọjọ́ náà, ẹ̀yìn mi tú. Mo jókòó, mo nàró, mo rìn yí ilé ká, kò sí nǹkan kan. Mo fẹ́ kó dùn mí! Mo bẹ̀rẹ̀ wò, mo nà wò, mo ń wá ìrora tí mo ti ń sá fún láti kékeré, n kò rí i. Nígbà tí ladani pe ìrun, mo ní bí mo bá jókòó sílé, wọ́n á ní mo sá pamọ́. Mo ṣe àlùwàlá, mo lọ. Mo dúró ní ìlà, mo tẹ̀, mo fi orí kanlẹ̀, mo dìde.

Aládùúgbò wa kan tó ń ṣe iṣẹ́ awọ wà ní ìlà ẹ̀yìn. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún un wà lára àwọn tó lọ ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Ó dúró dè mí níbi tí a bọ́ bàtà sí.

Ó ní, "Mo wò ọ́ láti ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn tó tẹ̀ fún Ọlọ́run wọ̀ọ̀rọ̀wọ́, tí kò lè tẹ̀ ru yangí! Áà, ẹ̀yìn yìí mọ Ọlọ́run o!"

Àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Kí ni n óò sọ? Pé ibẹ̀ nìkan ni kì í ti í dùn mí? Ta ló máa gba èyí gbọ́? Èmi tó ń ṣe gan-an, díẹ̀ ló kù kí n má gbà á gbọ́. N ò sì lè bínú sí bàbá náà. Bó bá jẹ́ èmi ni ọmọ mi lọ, bóyá òkúta ni n óò jù.

Bí a ti mọ̀, àwọn ìyàwó ilé kì í pe àwọn ará ilé ọkọ wọn lórúkọ. Orúkọ tí ó wù wọ́n ni wọ́n fi ń pe oníkálùkù, tèmi tẹ́lẹ̀ sì ni Ọwọ́-Ńdán, nítorí ìlẹ̀kẹ̀. Kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi yí i padà. Ẹ̀yìn-Mọ-Ọlọ́run. Wọ́n ń fi pè mí jẹun, wọ́n ń fi kí mi káàárọ̀. Wọn kì í rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá ń pè é, ẹ̀yìn ìgbà tí mo bá kọjá ni wọ́n ń rín in. Ìyàwó àbúrò mi náà ń pè é, ó kéré ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ohun tí àwọn ìyálé bá pè ni òun náà ń pè. Á kúnlẹ̀, á gbé oúnjẹ kalẹ̀, á ní, "Ẹ̀yìn-Mọ-Ọlọ́run, oúnjẹ yín rèé." Ọbẹ̀ náà á sì korò lẹ́nu mi.

Mo lọ bá lèmámù. Mo ní ṣé ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn lè jókòó kírun. Ó ní kí ló dé tí kò ní lè jókòó, ẹ̀sìn ìrọ̀rùn ni. Mo ní bí kì í bá dùn ún nígbà ìrun ńkọ́? Ó wò mí títí. Ó ní, "Bí o bá lè dúró, dúró. Ọlọ́run lò ń kí, kì í ṣe àwọn tó wà lẹ́yìn ẹ." Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà lẹ́yìn mi ni èmi ń bá gbé.

Ọjọ́ kan nígbà ìrun alásàrì, mo gbé awọ àgùntàn lọ́wọ́ lọ sí mọ́sálásí. Mo tẹ́ ẹ sí ìparí ìlà, mo jókòó lé e. Gbogbo ènìyàn rí i. Mo gbọ́ bí ẹnì kan ti ń sọ pé, "Ẹ ò rí i, bóyá ó ń dùn ún lóòótọ́." Inú mi dùn débi pé ojú tì mí. Lèmámù kọjú sí gábàsì, ó kábàárà, gbogbo ìlà dìde dúró. Èmi náà dìde. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti nàró ṣánṣán bí igi ọ̀pẹ, ọwọ́ mi ti wà ní etí mi, awọ àgùntàn wà nílẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ó ti mọ́ mi lára jù. Wọn kò lè rẹ́rìn-ín nínú ìrun, nítorí náà wọ́n fi èjìká rín in. Mo ń rí èjìká tó wà níwájú mi tí wọ́n ń gbọ̀n. Bí a ti sálámà báyìí, ẹnì kan pariwo pé, "Ó gbàgbé! Ó gbàgbé pé ẹ̀yìn ń dun òun!" Lèmámù pàápàá yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo ká awọ mi, mo gba ẹ̀yìn ilé lọ.

Láti ìgbà náà ni mo ti ṣíwọ́ wíwá ẹlẹ́rìí. Mo ń lọ sí ọjà Ìpàta láti bi àwọn tó ń kó iṣu wọ̀lú bóyá wọ́n rí àwọn tó ń la ojú irin. Bí wọ́n bá ní ẹnì kan kú níbẹ̀, tí wọn kò mọ orúkọ rẹ̀, ẹ̀yìn mi á dì mí mọ́lẹ̀ lójú ọjà. Mo wá kọ́ ọgbọ́n kan. Bó bá ti mú mi, n óò wọ yàrá, n óò dojúbolẹ̀, n óò fi iwájú orí kan erùpẹ̀ bí ẹni ń kírun láìkírun, n óò máa mí díẹ̀díẹ̀, títí òórùn ilẹ̀ yóò fi wọ̀ mí nímú. Kì í lọ tán, àmọ́ á jẹ́ kí n lè dìde. Kò sí oògùn mìíràn tí mo ní láti ìgbà náà di òní.

Ìyá mi bá mi lórí ilẹ̀ báyìí lọ́jọ́ kan. Ó jókòó tì mí.

Ó ní, "Ẹ̀rù tún ti dé."

Mo gbé orí sókè. "Ìyá, ẹ mọ̀ pé ẹ̀rù ni?"

"Láti abà ni mo ti mọ̀. Ìgbà tí mo tú ọ̀já lára ẹ, o ń gbọ̀n bí ewé."

"Kí ló dé tí ẹ wá ń sọ pé àbúrò mi ló ṣẹ́ mi lẹ́yìn?"

Ó ní, "Kí ni o fẹ́ kí n sọ? Kí n jókòó láàárín àwọn orogún mi, kí n ní ọmọkùnrin mi àgbà ń bẹ̀rù?"

Ojú tì mí fún òun, ojú tì mí fún ara mi. Àwa méjèèjì la jọ gbé ẹ̀rù mi ru ọmọ kékeré yẹn, ó sì rù ú dàgbà, ó rù ú lọ sí ojú irin. Mo pinnu pé bí Ọlọ́run bá mú un padà bọ̀, n óò sọ fún un.

Òjò ti dá kó tó dé. Mo wà nídìí òkúta, mò ń gbo ìlẹ̀kẹ̀, mo rí ọkùnrin kan tó ń fi ọ̀pá rìn bọ̀ láti ọ̀nà Ọjà-Ọba. Mo rò pé arúgbó ni. Nígbà tó sún mọ́ mi, mo rí i pé igbá tó so mọ́ ẹ̀gbẹ́, igbá mi ni. Ó tẹ̀ síwájú báyìí, ọwọ́ kan lórí ọ̀pá, ọwọ́ kejì lórí orúnkún, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́jú. Bí mo ṣe dúró ní abà lọ́jọ́ náà gan-an ni, bí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n lè gùn ún. Ó ní àpò yangí ló já lu òun níbi tí ilẹ̀ ti yẹ̀ lábẹ́ wọn. Tirẹ̀ kì í ṣe èyí tó ń lọ tó ń bọ̀. Kò tún nàró mọ́ láyé rẹ̀.

Ní alásàrì, ó ní òun fẹ́ bá mi lọ sí mọ́sálásí. Wọ́n tẹ́ awọ fún un, ó jókòó. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí gbogbo wa forí kanlẹ̀, ó kàn tẹ orí síwájú díẹ̀ ni, mo rí i láti ilẹ̀ níbi tí mo wà. Ẹ̀yìn mi kò dùn mí rárá. Bàbá oníṣẹ́ awọ wà ní ẹ̀yìn wa. Ọmọ tirẹ̀ kò bá wọn dé. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí àwọn èèyàn ti lọ tán, mo sọ ọ́. Mo ní, "Kì í ṣe ìwọ lo ṣẹ́ mi lẹ́yìn. O kò wúwo. Ẹ̀rù ló bà mí lọ́jọ́ náà, ẹ̀rù náà ló tún bà mí lọ́jọ́ tí o lọ."

Ó ní, "Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Mo wà lẹ́yìn yín, mo gbé etí lé yín lẹ́yìn. Mo ń gbọ́ àyà yín bó ṣe ń já. N ò gbàgbé rẹ̀ rí." Ó fa ọ̀pá rẹ̀ mọ́ra. "Bó ṣe ń já tó yẹn, ẹ ò sọ mí kalẹ̀. Lọ́jọ́ tí dógárì dé, mo tún fi ọwọ́ kàn án, mo gbọ́ pé òun náà ni. Mo ní tọ́ọ̀, ó ti kan èmi náà láti pọ̀n yín."

Mo rò pé bí ó bá gbà mí gbọ́, ìtìjú mi á tán. Ì bá mà sàn kó pè mí ní òpùrọ́. Nígbà tó ní kí n fa òun dìde, mo fà á, a sì jọ rìn lọ sílé, èmi ní ìdúró ṣánṣán, òun ní títẹ̀.

Ó ti lọ bá Ọlọ́run báyìí, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un. Láti ọjọ́ tó jókòó kírun lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni mo ti máa ń pẹ́ nílẹ̀ bí mo bá forí kanlẹ̀ nínú ìrun tí mo ń dá kí. Mo ń kí tèmi, mo sì ń kí ti ẹni tí kò lè tẹ̀ mọ́. Àwọn èèyàn rí i, wọ́n pè é ní ìfọkànsìn. Ìyàwó rẹ̀ kò sọ ìtàn orúkọ mi fún àwọn ọmọ tó bí fún un. Nígbà tí wọ́n bi í, ó ní nítorí pé mo máa ń pẹ́ nílẹ̀ fún Ọlọ́run ni. Oríkì ni wọ́n kà á sí, wọ́n sì ti kọ́ àwọn ọmọ tiwọn náà. Bí mo bá wọlé, wọ́n á sáré pàdé mi, wọ́n á kúnlẹ̀, wọ́n á ní, "Ẹ káàbọ̀, Ẹ̀yìn-Mọ-Ọlọ́run!" Ẹ̀yìn mi á le lójú ẹsẹ̀. N óò di ògiri mú, n óò sì dá wọn lóhùn.